Súwíìtì Orúnkún Tí O Fẹ́ Gbé Bọ̀

Jakande Estate, Ìsọlọ̀.
Sátidé, lẹ́yìn tí mo sá aṣọ tán.

Bùkọ́lá mi, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí pé o rí lẹ́tà. Kò sí ẹni tó kú. Orúnkún mi nìkan ló ń pariwo, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí n kò fi fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí mo ṣe máa ń ṣe. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń rẹ́rìn-ín, wàá ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀," ọ̀rọ̀ á sì ti tán lẹ́nu mi. O mọ̀ mí. Ẹni bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ti gbà á lọ nìyẹn. Ìwé kì í rẹ́rìn-ín síni. Bàbá Tọ́pẹ́, ọkọ mi, ní àwọn á bá mi kọ ọ́, torí tíṣà àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní rárá. Prámárì fáìfù ni mo kà mọ, àmọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi kọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́ tán, wọ́n á bá mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ibi tí kò bá já gaara, fi òye gbé e.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà nílé ọkọ. Ṣó o rí i, ojú ń tì mí láti kọ "ilé ọkọ" lọ́jọ́ orí mi yìí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, yàrá kan tiwa ní Mafoluku ni mo mọ̀, níbi tí bàálù ti ń gba orí páànù wa kọjá tí ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Níbí, ó dákẹ́. Mo ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn kí n tó wọ yàrá tí èmi àti ọkọ mi jọ ń sùn. Wọ́n á ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ta lẹ̀ ń kanlẹ̀kùn fún?" Wọ́n ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ń fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni pé àlejò ara wa ni wá. Ṣùgbọ́n èèyàn rere ni wọ́n. Ó rẹ̀ mí, Àjọkẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí. Àmọ́ mo ti rí ibi jókòó sí.

Ibi tí mo jókòó sí yìí gan-an ni súwíìtì rẹ fẹ́ gbé mi dìde níbẹ̀.

N kò tíì sọ bó ṣe rí gan-an fún ọ. Nígbà tí Ìyá Ìbejì, ará ṣọ́ọ̀ṣì yín tó wálé, gbé ẹrù tí o fi rán wọn dé, mo bá bàtà, mo bá ìpara, mo sì bá ọ̀rá kékeré kan aláwọ̀ ewé tí súwíìtì wà nínú rẹ̀. O ti fi ohùn ránṣẹ́ ṣáájú: "Màámi, ti orúnkún yín ni. Ìdajì ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ máa jẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ̀yin nìkan o." Mo jẹ ẹ́ bí o ṣe wí. N kò ní í purọ́ fún ọ, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Orúnkún tó jẹ́ pé bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì ìránṣọ láàárọ̀ á máa ké títí di alẹ́, ó panu mọ́. Mo gbàdúrà fún ọ. Mo sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé ilé oògùn ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyẹn nígbà tí o ríṣẹ́ tuntun yìí. O ní wọ́n ń ta ewé ìwòsàn.

Ó wá di ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin yà kí wa lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Dékúnlé ni wọ́n ń pè wọ́n, ará Èkìtì bíi ti ọkọ mi, olórí àwọn aládùúrà obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí wọ́n bá wo ìkòkò rẹ lẹ́ẹ̀kan, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìgbà tí o fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Wọ́n wá wo bí ìyàwó tuntun ṣe ń tọ́jú àbúrò wọn ni. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹbí ọkọ kì í wọlé kó jókòó lásán. Iyán kò tíì délẹ̀. Mo ṣí fíríìjì, n kò rí ohun tó yẹ ká fi ṣàlejò ju súwíìtì Amẹ́ríkà lọ. Mo dà á sínú àwo gíláàsì kékeré, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, ẹ fi panu kí oúnjẹ tó jinná." Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí ìdajì bá ń tu orúnkún lára, kí ni odidi máa ṣe fún àlejò bí kò ṣe rere?

Wọ́n jẹ mẹ́ta. Wọ́n ní ó dùn bí ọsàn.

A jẹ iyán tán, Bàbá Tọ́pẹ́ ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àárín àdúrà ni Ìyá Dékúnlé bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀mí ló gbé wọn. Ọkọ mi lajú, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Jídé, orí rẹ ti tóbi láti kékeré. N kò mọ̀ pé ó tóbi tó báyìí."

Ni wọ́n bá tún fẹ̀rín sí i. Nígbà tó yá, ẹ̀rín dá, ẹ̀rù wọlé. Wọ́n di apá àga mú gírígírí. "Ẹsẹ̀ mi dà? Jídé, bá mi wá ẹsẹ̀ mi! Ìyàwó, kí lo fún mi jẹ nínú ilé yìí?"

Bùkọ́lá, ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlẹ̀ lọ.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ailegun. Dókítà ọ̀dọ́ kan ní kí ni wọ́n jẹ. Mo ka iyán, mo ka ẹ̀fọ́, ohùn mi wálẹ̀ nígbà tó kan súwíìtì. Ọkọ mi padà sílé lọ mú ọ̀rá rẹ̀ wá. Dókítà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wojú mi, ó wo gèlè ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wé.

"Màmá, igbó ni wọ́n fi ṣe é."

Mo ní, "Igbó wo?"

"Igbó náà ni, Mà. Èyí tí wọ́n ń fà lábẹ́ bíríìjì."

Ó ní kò ní í pa wọ́n, kí wọ́n sùn, kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n. Ó pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ fún wọn pé ká lọ da ìyókù nù, pé òfin ilẹ̀ wa kò ní í béèrè bóyá orúnkún ló ń dun èèyàn kó tó gbé e jù sẹ́wọ̀n. Nígbà tí Ìyá Dékúnlé jí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Gbogbo ìwàásù tí mo ti ṣe lórí igbó láyé mi, ìyàwó tuntun ló wá gbé e sínú àwo gíláàsì fún mi!" Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹkún ni mo sun.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Má jẹ́ kí ìtìjú di ọ̀gá rẹ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọ̀gá mi gbé léèsì oníbàárà kan fún mi, ó ní kí n gé apá rẹ̀. Ohun tó ṣàlàyé kò yé mi, mo ní ó yé mi, ojú ń tì mí láti béèrè. Apá òsì méjì ni mo gé. Títí mo fi gba fúrídọ̀ọ̀mù, "Alápá Òsì" ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. O rò pé mo ti gbọ́n? Ọ̀rá súwíìtì yẹn kún fún ìwé kíkọ. Tíṣà jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ojú ni ó tì mí láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí." N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó tí wọ́n fẹ́ kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì ara ọ̀rá. Lọ́jọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo rò pé wọ́n á ní kí n máa padà sí Mafoluku. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ohunkóhun tí ìwé bá wà lára rẹ̀ nínú ilé yìí, ẹ gbé e wá, ká jọ kà á." Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí ní ìyàwó wọn nìyẹn tí kì í ṣe níwájú pásítọ̀.

Àmọ́ ìwọ náà, Àjọkẹ́, ojú tì ọ́. Ewé ìwòsàn ni o pè é fún mi. Ká ní o pe orúkọ tó ń jẹ́, ṣé mo máa kó o sínú àwo fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? N kò bínú. Mo kàn ń sọ fún ọ pé nǹkan tí èèyàn kò bá lè pe orúkọ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kó tún un wò dáadáa.

Èkejì. Nígbà tí mo pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, o rẹ́rìn-ín. O ní, "Màámi, òfin ti fọwọ́ sí i níbí. Ìjọba ló fún ọ̀gá mi níwèé àṣẹ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, a kì í tà fún un, a máa wo káàdì ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá rà á, kò gbọ́dọ̀ fà á ní títì, kò gbọ́dọ̀ mu ún wakọ̀. Àwọn ìyá àgbà ló ń wá rà á jù, nítorí eegun." Mo gbọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. O kì í ṣe ọmọ burúkú, iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn gbà ni ò ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

O rántí àbúrò mi Ṣẹ́gun, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Mafoluku tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. O rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ni, òun ló máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, ó lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n bá igbó kékeré tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni. Kì í ṣe Ṣẹ́gun tó lọ ló padà wá. Ìyá wa ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń gbé e síwájú ògiri, títí wọ́n fi kú. Ewé kan náà ni, Bùkọ́lá. Ewé tó gba àbúrò mi lọ́wọ́ mi ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ fún ọmọ mi. Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Ṣé òfin ibẹ̀ ni tàbí òfin ibí? Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Nítorí náà, nígbà tí o sọ lórí fóònù pé wàá gbé púpọ̀ bọ̀ fún mi ní Disẹ́ńbà, pé inú ìgò fítámì ni wàá dà á sí, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀, n kò lè sùn mọ́, súwíìtì kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti da ìyókù sí ṣáláńgá, mo fi omi lé e. Ìtòsí pápákọ̀ òfurufú ni mo ti tọ́ ọ dàgbà. Ó yẹ kí o rántí ìyá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa tó lọ pàdé ọmọ rẹ̀ ní pápákọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, tó jẹ́ pé kúlà náà ló gbé padà wálé, oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti mú ọmọ níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù. Má fi mí ṣe ìyá oníkúlà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù tí a ń fi rán èèyàn náà nìyí, kí n má gbàgbé. Láyé wa, bí ará ilé bá ń rìnrìn àjò, a máa ń fi nǹkan rán an, òun náà kò ní í tú u wò, torí pé àtúwò dà bí ìfura. Orí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni Ìyá Ìbejì fi gbé ọ̀rá rẹ sáàárín aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn kò mọ̀. Ká ní wọ́n tú u lọ́nà, ta ni ì bá tọ́ ìbejì? Bí o bá ka ìlà yìí tán, pe Ìyá Ìbejì kí o tó ka èyí tó kù. Jẹ́wọ́ fún wọn, kí o sì bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá bú ọ, gbà á.

O pè wọ́n? Ó dáa.

Èyí tó kù ló wúwo jù lọ́wọ́ mi láti kọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Bàbá Tọ́pẹ́ mú mi lọ bá obìnrin lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní òun kì í ṣe lọ́yà ilẹ̀ yín, àmọ́ ẹ̀gbọ́n òun ń gbé níbẹ̀, òun sì mọ díẹ̀. Ó ní ìjọba méjì ló ń ṣòfin lórí rẹ níbẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ gbà á, ti ìjọba àpapọ̀ kò gbà á. Mo ní, báwo? Ó ní, "Mà, ó dà bí ilé tí ìyá ti ní kọ́mọ máa jẹ ẹran tó wà nínú ìkòkò, tí bàbá kò fọwọ́ sí i. Tí bàbá kò bá sí nílé, ọmọ á máa jẹ. Lọ́jọ́ tí bàbá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú bàbá ló máa wò." Ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni níwèé ọmọ ìlú. Òun náà ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ẹni tó bá ti di ọmọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúyẹ́. Ìwọ tí o ṣì ń fi káàdì àlejò gbé ibẹ̀, wọ́n lè bi ọ́ pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ṣé o ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Ìdáhùn rẹ lè gba ìwé ọmọ ìlú mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá jáde kúrò níbẹ̀ wá sílé, ó lè le láti padà wọlé.

Mo bi í pé, "Bó bá kàn purọ́ ńkọ́?" Ó mirí. Ó ní irọ́ níwájú wọn burú ju igbó lọ.

Nítorí náà, wá lọ́yà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwé àwọn àlejò ni iṣẹ́ rẹ̀. Má gbé e lọ bá ọ̀rẹ́, má gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ tó ń ta ọjà. Sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà yẹn bó ṣe rí, má ṣe pè é ní ewé ìwòsàn. Béèrè bóyá kí o wá iṣẹ́ míì kí o tó kọ̀wé béèrè ohunkóhun. Béèrè bóyá o lè rìnrìn àjò. Béèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ìyẹn ló ṣòro fún ìdílé wa.

Kí o sì má tíì wá.

Mo ti kọ ọ́. Mo dúró pẹ́ kí n tó kọ ọ́. O mọ bí mo ti ń retí Disẹ́ńbà yìí, pé o máa dúró tì mí nígbà ìdúpẹ́ ìgbéyàwó, kí ẹbí ọkọ mi lè rí i pé èmi náà mú ẹnì kan wá láti ilé mi. Mo ti ra kọ́tìnì sí yàrá kékeré. Ọkọ mi ti kó àwọn ìwé wọn kúrò níbẹ̀ nítorí rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá wá tí o kò lè padà, n kò ní í lè wojú ara mi. Ó sàn kí àga rẹ ṣófo lọ́dún yìí.

Má da ara rẹ láàmú lórí Ìyá Dékúnlé. Lóòótọ́, wọ́n ní ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn bí ọkùnrin. Àmọ́ lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè mí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìyàwó, má sọ fún Jídé o. Ìbàdí mi kò dùn mí títí di Wẹ́sìdeè. Ṣé ó ṣẹ́ kù?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti bá ṣáláńgá lọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Àwa àgbà obìnrin méjì tí eegun ń dùn nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn wọn kì í wo ìkòkò mi mọ́. Ìpara ni kí o máa fi ránṣẹ́, èyí tí kò ní ẹjọ́ nínú. Kí o jẹ́ kí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Mo rán aṣọ kan fún ọ fún ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn, búlúù, bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Apá ọ̀tún kan, apá òsì kan, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Etí rẹ̀ nìkan ni n kò tíì ṣẹ́, nítorí n kò mọ̀ bóyá o ti ga sí i tàbí o ti sanra. Ó wà lórí máṣíìnì. Ọkọ mi ní kí n ṣẹ́ ẹ, kí n gbé e sínú àpótí, mo ní ó ń dúró de ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí lọ́yà bá ní kí o máa bọ̀, ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí orúnkún yìí tilẹ̀ ń ké, ìṣẹ́tí aṣọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni, ìyá rẹ, tí mo ṣì ń kanlẹ̀kùn yàrá ara mi. Ìwọ má kan tèmi lọ́jọ́ tí o bá dé. Tì í wọlé.

Màámi